Ilé Ìsákòkó Tí Kì Í Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Ẹ̀kọ́ ilé ló fẹ́ ba kòkó Ìgbólé jẹ́ lọ́dún yẹn. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀kẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe àrùn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí òbí wọn kọ́ dáadáa ni wọ́n jókòó tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta ní ìwà pẹ̀lẹ́, ìwà pẹ̀lẹ́ ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àgbà kan di òpùrọ́ lójú ìlú. Ẹni tó bá rò pé ìwà rere kò lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, kó rọra fara balẹ̀ gbọ́ èyí.

Àgbà tí mò ń wí ni Bàbá Fátúnmbí, àgbẹ̀ oníkòkó, tó ti ń bọ Ògún láti kékeré bí baba tó bí i ṣe bọ ọ́. Délé ni ọmọ àbúrò rẹ̀. Délé kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní Ọyẹ́, nígbà tó sì parí, kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ sí Èkó. Ó gba yàrá kan ní Ọyẹ́ níbẹ̀, òun àti Emmanuel, ọmọ Tiv tó wá kàwé láti Benue tí kò sì rántí ilé mọ́, àti Tósìn, obìnrin kan báyìí tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi odidi ọdún kan ṣe ni ilé ìsákòkó tó wà lẹ́yìn ìlú ní Ìgbólé.

Ẹ má ro ilé ńlá. Òrùlé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ni, pẹ̀lú pẹpẹ onígi tí wọ́n ń tẹ́ kòkó sí, àti fáànù tí sólà ń gbé. Oòrùn ń wọlé, òjò kì í wọlé. Ẹni tó bá ti sá kòkó síta rí nígbà òjò àrọ̀kúrò, tó ń sáré kó o wọlé tó tún ń sáré kó o síta títí ẹsẹ̀ fi wú, á mọ̀ pé àánú ni wọ́n ṣe àgbẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé bí kòkó tútù bá ti ń gbẹ, omi ara rẹ̀ ń kún inú afẹ́fẹ́. Bí fáànù kò bá tu afẹ́fẹ́ náà síta, kòkó á bu.

Iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta náà nìyẹn. Ọ̀kan wà nínú ilé ìsákòkó, ó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Délé ló kọ èyí, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python ló sì fi kọ ọ́. Ìkejì wà ní Ọyẹ́, òun ni ìránṣẹ́ tó ń gba ìròyìn láti Ìgbólé. Emmanuel ló fi JavaScript kọ ìyẹn. Ìkẹta, tí Tósìn fi Java kọ, ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ. Òun ló ń sọ pé kí fáànù yí tàbí kó dúró, òun náà ló sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Bàbá Fátúnmbí. Èdè mẹ́ta, ẹ̀rọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà fún wọn. Kòkó odidi ọdún kan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé fún ọmọdé ṣeré. Bàbá Fátúnmbí ló dìde, tó ní kí wọ́n fún òun ní àdá. Ó fi ẹnu kan irin àdá náà níṣojú gbogbo wọn.

"Mo fi ẹnu kan urin," ó ní. "Ulé yìí á gbẹ kòkó yín, kò ní bà á jẹ́. Bó bá bà á jẹ́, ẹ má bi Délé, èmi ni kẹ́ ẹ bi."

Ẹni tí kì í bọ Ògún lè máa búra kó tún máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bọ ọ́ kò jẹ́ dán an wò. Àwọn àgbẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé kòkó wọn wá.

Ó lọ dáadáa ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò dé, wàhálà dé. Fáànù á kàn dúró. Ó lè dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó tún yí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kó tún dúró. Gbogbo ìgbà tó bá sì dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń wọlé sórí fóònù Bàbá Fátúnmbí: "Ẹ kú ìfaradà, sà. Ìṣòro díẹ̀ yọjú. A dúpẹ́ fún sùúrù yín." Kò sọ irú ìṣòro wo. Kò sọ ibi tó ti yọjú.

Délé sọ pé bátìrì ni. Ó pààrọ̀ bátìrì, fáànù tún dúró. Ó sọ pé wáyà ni, ó pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ fáànù fúnra rẹ̀. Ó ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni Màmá Ẹlúyẹmí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Comfort, obìnrin tó ní oko kòkó ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin Ìgbólé lọ, gbé agbọ̀n kòkó kan wá sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Fátúnmbí. Ó da á sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá. Kòkó náà ti bu, ó funfun kalẹ̀. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe fi ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Nínú ìpàdé náà, Bàbá Fátúnmbí máa sọ bóyá ó ṣì dúró lórí ohun tó fi ẹnu kan irin sọ, tàbí kó gbé e mì. Bó bá gbé e mì, wọ́n á kó kòkó wọn jáde, kò sì ní sí àwùjọ kankan ní Ìgbólé tí wọ́n á tún ti fetí sí i títí tí yóò fi kú. Bàbá kò bá Délé jà. Ó kàn sọ fún un pé, "Ọmọ mi, wá ohun tó ń ṣe é." Ìyẹn dun Délé ju kí wọ́n gbá a létí lọ.

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkọ̀lé lọ bá Motúnráyọ̀.

Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun láti Ìdó títí dé Ìkọ̀lé léèrè pé ta ló mọ àṣìṣe wá, orúkọ Motúnráyọ̀ ni wọ́n máa dá. Inú pálọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti ń bá àwọn òyìnbó kan ṣiṣẹ́, ó ń fi ẹsẹ̀ lé àpótí, ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ á sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kì í pẹ́ bínú, kì í sì í pọ́nni. Ẹni tó bá lọ bá a tó ní "mo rò pé", á ní kó padà lọ sílé lọ máa rò ó. Délé ti gbọ́ gbogbo èyí, nítorí náà kò sọ pé òun rò nǹkan kan. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Kí ló wà nínú ipasẹ̀ rẹ̀?" ni Motúnráyọ̀ bi í.

Ipasẹ̀ tó ń bèèrè ni ìlà àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń tò sílẹ̀ bó bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́: ibi tí mo ṣubú sí rèé, ẹni tó rán mi débẹ̀ rèé, ẹni tó rán ẹni tó rán mi rèé, títí á fi padà dé orísun. Ohun tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wá nìyẹn, bí dókítà ṣe ń bèèrè ibi tó ń dunni.

"Kò sí ipasẹ̀ kankan, Àǹtí," ni Délé wí.

"Kò sí bí?"

"Ohun tó ń sọ ò ju 'Ẹ kú ìfaradà' lọ."

Motúnráyọ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àpótí. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ tiyín ṣubú, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn, ó ń kí èèyàn! Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Délé wolẹ̀. Ó sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣubú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì da ògìdìgbó ìlà òyìnbó sórí fóònù Bàbá Fátúnmbí, àwọn ọ̀rọ̀ gbàù-gbàù bíi ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ jà. Ojú ti Délé. Báwo ni ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe á ṣe máa jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá òun? Ó sọ fún Emmanuel àti Tósìn, ojú ti àwọn náà. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kálukú wọn bá kọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ pé bí ìròyìn burúkú bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó fọ̀ ọ́ mọ́, kó rọ̀ ọ́, kó tó gbé e fún ẹni tó kàn.

"Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní, "Mò ń bọ̀ ní Ìgbólé lọ́jọ́ Jímọ̀. Sọ fún àwọn méjì tó kù pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wọn dání, kí wọ́n má sì gbé ìwà pẹ̀lẹ́ wá."

Ọjọ́ Jímọ̀, oòrùn mú ganrínganrín. Motúnráyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Fátúnmbí, ó sì ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síwájú ilé ìsákòkó. Ó to kọ̀ǹpútà mẹ́ta sórí rẹ̀. Délé rò pé á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ láti òkè délẹ̀, bí òun fúnra òun ti ń kà á títí ojú fi ń ta òun. Kò kà á rárá.

"Fáànù ń yí lónìí, àbí kò yí?" ó bèèrè.

"Ó ń yí."

"Ó dáa. Òjò ò sí, àṣìṣe yín ò ní wá. Mi ò ní jókòó máa dúró dè é. Àwa fúnra wa la máa bí àṣìṣe tiwa." Ó fa kọ̀ǹpútà Délé mọ́ra, ó sì kọ ìlà kan sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin. Ìlà náà ní kí ẹ̀rọ ṣubú, kó sì ké bó ti ń ṣubú pé: Ewúrẹ́ Màmá Motúnráyọ̀ ti jẹ iṣu baálẹ̀.

Emmanuel bú sẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, pàápàá bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ni Motúnráyọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀ lé ewúrẹ́ náà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó wọlé síbí. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa jáde."

Wọ́n wò ó. Ní ẹnubodè àkọ́kọ́, níbi tí Python ti ń gbé ọ̀rọ̀ fún JavaScript, ohun tó jáde ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ìṣòro kan wà nípa ewúrẹ́." Iṣu ti pòórá, baálẹ̀ ti pòórá, gbogbo ìlà tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ ti lọ. Ní ẹnubodè kejì, níbi tí JavaScript ti ń gbé e fún Java, ewúrẹ́ gan-an ti di àwátì: "Ìṣòro díẹ̀ yọjú." Nígbà tí yóò fi dórí fóònù Bàbá Fátúnmbí tó jókòó nítòsí, fóònù náà kàn dún pé: "Ẹ kú ìfaradà, sà."

Bàbá Fátúnmbí wo fóònù rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ náà. "Ewúrẹ́ ọ̀hún ńkọ́?" ó bèèrè.

Tósìn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló dáhùn. "Bàbá, a ti jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà."

Délé kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Motúnráyọ̀, ẹnu sì ń yà á. Oṣù méjì gbáko lòun fi wá àṣìṣe nínú òkùnkùn, obìnrin yìí dé, kò wá àṣìṣe rárá. Ó fi irọ́ kékeré kan tí ó mọ dájú dán ọ̀nà wò, ọ̀nà náà sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wu Délé débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé òun ló jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó le bẹ̀rẹ̀. Motúnráyọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé kò tó kí èèyàn kàn ní kí ẹ̀rọ má parọ́ mọ́, nítorí èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sọ ìtàn bákan náà. Bí Python bá ṣubú, láti ilé ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé, á sì parí rẹ̀ síbi tó ṣubú sí. Java ní tirẹ̀, ibi tó ṣubú sí ló kọ́kọ́ máa ń pariwo, kó tó wá sọ ẹni tó rán an. JavaScript kì í rántí ju ìlà mẹ́wàá lọ àyàfi bí wọ́n bá sọ fún un, bí wọ́n bá sì ní kó dúró díẹ̀ de nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, ó lè gbàgbé ẹni tó rán an níṣẹ́ pátápátá. Bí èèyàn bá da ipasẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láìto wọn, bí ìgbà tí ẹbí mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

"Báwo la ṣe máa wá mọ èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?" Emmanuel bèèrè.

"Ẹ máa fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní àmì níbi tí wọ́n ti bí i. Àmì yẹn ò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Bí ẹ̀rọ kan bá sì gba ìròyìn burúkú lọ́wọ́ òmíràn, kó sọ tirẹ̀, kó wá so ti ẹni tó fún un mọ́ ọn nídìí bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Kó má fọ̀ ọ́, kó má gé e, kó má túmọ̀ rẹ̀. Túmọ̀-túmọ̀ lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fi sọ ewúrẹ́ di ìfaradà."

Ó jókòó ti ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣe. Bí Emmanuel bá kọ nǹkan tí kò dáa, á ní, "Dán ewúrẹ́ wò," Emmanuel á dán an wò, á rí i fúnra rẹ̀ pé ìrù nìkan ló jáde. Tósìn kọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tọ́. Motúnráyọ̀ wò ó, ó ní, "Ìwọ yìí mọ iṣẹ́," Tósìn sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n dán an wò fún ìgbà ìkẹyìn. Ewúrẹ́, iṣu àti baálẹ̀ jáde lórí fóònù Bàbá Fátúnmbí tòun ti gbogbo ìlà ibi tí wọ́n gbà kọjá. Inú Délé dùn débi pé ó fẹ́ dì mọ́ obìnrin náà, àmọ́ ó rántí pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dì mọ́.

"Àṣìṣe gan-an ńkọ́?" ó bèèrè. "A ò tíì rí i."

"A ò tíì rí i," ni Motúnráyọ̀ wí. "Àmọ́ nísinsìnyí, bó bá wá, á sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo máa sùn ní Ìfàkì. Mo fẹ́ wà ní ìpàdé lọ́la."

Délé sùn, kò sùn. Ìpàdé ti dé tán, ẹnu àgbà sì wà lórí irin, ohun tí wọ́n sì rí gbà fún gbogbo wàhálà wọn ò ju ẹ̀rọ tí á sọ òótọ́ lọ. Kò tíì sí ẹni tó mọ òótọ́ ọ̀hún.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn àgbẹ̀ kún inú ilé ìsákòkó, wọ́n jókòó láàárín pẹpẹ kòkó. Òórùn kòkó gba imú. Màmá Ẹlúyẹmí wà níwájú, ó ká ọwọ́ lé àyà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kó kòkó tútù rẹ̀ wà níta, ó ti fi tapólì bò ó, Ìfàkì ló sì ń gbé e lọ tà ní tútù bí ìpàdé bá ti parí. Kò fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Motúnráyọ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

Bí alága ṣe kí wọn káàbọ̀ tán ni òjò dé. Kì í ṣe òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó bolẹ̀ gbì, náílọ́ọ̀nù òrùlé ń han goro, ooru sì mú gbogbo wọn nínú ilé bí ẹni wà nínú ìkòkò. Fáànù ń yí. Délé ń wò ó, ó ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Fáànù náà rọra dẹwọ́, ó dúró.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Fátúnmbí. Lójú ẹsẹ̀ náà ni fóònù bàbá dún, ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí rẹ̀ sì gùn, ìlà lórí ìlà.

Délé sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbà á, màá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn."

"Mi ò fẹ́ àlàyé," ni Bàbá Fátúnmbí wí. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. "Kà á. Kà á bó ṣe wà, ulà kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wọn. Ta ló tilẹ̀ ní kí ẹ máa bá mi fọ ọ̀rọ̀ mọ́? Ohun tí mo fi ẹnu kan urin lé lórí, ṣé ó yẹ kí n máa gbọ́ ọ ní agbedeméjì?"

Délé wo fóònù náà. Ó rí ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kó tó ya ẹnu. Ó wo Motúnráyọ̀ lọ́nà tí ẹni tó rì sómi fi ń wo bèbè. Motúnráyọ̀ ń wò ó, kò mira. Délé mọ̀ nígbà náà pé òun ṣì lè rọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ òyìnbó kọ̀ǹpútà nínú wọn àfi Emmanuel, Tósìn àti Motúnráyọ̀, tí wọn kò ní tú u fó. Ó lè ní bátìrì ni.

Ó kà á. Ó ń ka òyìnbó rẹ̀, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ, ti Tósìn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: mi ò lè pàṣẹ fún fáànù, nítorí mi ò rí iye ọ̀rinrin gbà. Ohun tó fà á ni ti Emmanuel. Ó ní: ohun tí wọ́n gbé fún mi láti Ìgbólé kì í ṣe nọ́ńbà. Ohun tó fa ìyẹn..." Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú. "Ohun tó fa ìyẹn wà níbi tí kọ̀ǹpútà ń pè ní ilé Délé, nínú fáìlì ọ̀rinrin, ní ìlà kọkànlélógójì. Ó ní: wọ́n fún mi ní òfìfo, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di nọ́ńbà."

"Ulé ta ni?" ni àgbẹ̀ kan bèèrè lẹ́yìn.

"Ilé Délé," ni Délé wí. "Èmi ni. Èmi ni mo kọ ìlà yẹn." Ó wá rí gbogbo rẹ̀ kedere bó ti ń sọ ọ́. "Bí òjò bá rọ̀ gan-an, tí afẹ́fẹ́ inú ilé yìí kún fún omi débi pé kò lè gbà mọ́, ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò ní iye kan tó lè pè é. Ó ń fi òfìfo ránṣẹ́. Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Mi ò kọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe bó bá rí òfìfo. Nítorí náà, ìgbà tí kòkó yín nílò fáànù jù lọ gan-an ni fáànù máa ń dúró. Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe wáyà. Kòkó Màmá Ẹlúyẹmí tó bu, ìlà tèmi ló bà á jẹ́."

Lẹ́yìn náà Délé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé itan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó jókòó. Ó lọ sí ìlà kọkànlélógójì, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá rí òfìfo, kó mọ̀ pé omi ti kún dé góńgó, kó sì pariwo bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù. Ó mọ ibi tó ń lọ. Oṣù méjì tó fi ń wá a kiri kò fún un ní ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mẹ́ta lórí fóònù àgbà fún un.

Fáànù mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, ó sì wá ń hó. Afẹ́fẹ́ tutù fẹ́ kọjá lára gbogbo wọn.

Nínú ariwo tó sọ ni Màmá Ẹlúyẹmí dìde. Ariwo rọlẹ̀, nítorí obìnrin náà kì í dìde lásán.

"Ọmọ yìí," ó ní, "ùwọ lo kọ ẹ̀rọ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ̀rọ tí o kọ ló dárúkọ rẹ níwájú wa pé ùwọ lo ṣẹ̀?"

"Òun ni, mà."

"Tí o sì kà á síta, bẹ́ẹ̀ ó wà lọ́wọ́ rẹ láti fò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá Ẹlúyẹmí fi gèlè rẹ̀ bo orí, ó bọ́ sínú òjò. Wọ́n rí i tó ń bá oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, tó ń na ọwọ́ sí ọ̀nà Ìfàkì, tó sì tún na ọwọ́ náà padà sí ilé ìsákòkó. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn tapólì. Ìgbà tó gbé agbọ̀n àkọ́kọ́ lérí wọlé, tí omi ń ro lára rẹ̀, ó bojú wo àwọn ọkùnrin tó jókòó.

"Ṣé èmi nìkan ni mo máa rù ú ni?" ó bèèrè.

Wọ́n tú jáde sínú òjò láti lọ bá a rẹrù, Emmanuel ló ṣáájú. Ìgbà náà ni Délé tó gbé ojú sókè, tó sì rí i pé láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀, Bàbá Fátúnmbí kò tíì jókòó. Ó dúró sójú kan náà bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Motúnráyọ̀ ti rí i ṣáájú. Ó ti gbé bẹ́ǹṣì wá láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn bàbá láìsọ̀rọ̀.

Bàbá Fátúnmbí wo agbọ̀n kòkó tútù tó ń wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì sẹ́ni tó tún bi í bóyá á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó.